Ẹni Tí Wọn Kò Bú Lọ́jọ́ Òkèbàdàn

Ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí ẹ sì gbé àpótí ìjókòó yín kúrò lójú ọ̀nà. Èèyàn ńlá kan ń bọ̀ wá kọjá, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun dí òun lọ́nà. Bí ó bá kọjá tán, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Bí ẹ kò bá lè dúró dìgbà náà, ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Japheth Olúyẹmí ni wọ́n kọ fún un sínú ìwé ìrìbọmi, ṣùgbọ́n Jáfẹ́ẹ̀tì ni gbogbo Bẹ́yẹrúnkà ń pè é. A lè dárúkọ rẹ̀ báyìí nítorí pé ewu ti kọjá. Ní àkókò tí à ń sọ yìí, ẹni tó bá pe orúkọ náà ní Bẹẹrẹ lọ́sàn-án gangan, ó ti ko ìjàngbọ̀n.

Tíṣà ni tẹ́lẹ̀ ní ilé ìwé ìjọ kan ní Òkè Bọ́lá. Etí rẹ̀ tóbi, ó nà sókè bí ti ehoro tó gbúròó ajá. Agboolé baba rẹ̀ wà ní Bẹ́yẹrúnkà, àwọn ará ibẹ̀ ló sì dìbò fún un tó fi wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ó ṣèlérí ẹ̀rọ omi fún wọn, ìyẹn jẹ́ ìdí kan. Ìdí kejì ni pé orúkọ rẹ̀ rọrùn láti fi kọrin. Lọ́jọ́ Òkèbàdàn, tí gbogbo Ìbàdàn kì í dáná, tí ọjà ń tì, tí tọmọdé tàgbà ń fi orin èébú ya ìgboro tí ẹni tí wọ́n bú kò sì gbọdọ̀ bínú, Jáfẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń bú jù. Wọn a dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn a ní:

Jáfẹ́ẹ̀tì elétí ehoro,
Ó fetí bolé, ilé ò jò!

Òun náà a jáde sí wọn, a di etí méjèèjì mú, a máa jó. Ìgbà náà ni orí rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ di mínísítà. Wọ́n ti pín iṣẹ́ tán kí ó tó kàn án. Ọ̀nà ti ní mínísítà, ilẹ̀ ti ní, ìlera ti ní. Wọ́n bá dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún un, wọ́n ní òun ni Mínísítà fún Ìwà Títọ́ àti Àwọn Ọ̀ràn Tó Ṣẹ́kù. Ọ̀ràn kankan kò ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ó ní tábìlì, ó ní mọ́tò dúdú, ó sì ní Gàfárù.

Gàfárù ni akọ̀wé rẹ̀. Ìwé kíkọ ni wọ́n gbà á fún, àmọ́ sáárá ló mọ̀ ọ́n kàn. Bí mínísítà bá sín, Gàfárù a ní, "Ẹ gbọ́ sísín! Sísín ìjọba gan-an nìyẹn, sà." Bí ó bá yán, Gàfárù a ní ilẹ̀ Yorùbá ń sinmi.

Ní ọdún 1957, wọ́n rán Jáfẹ́ẹ̀tì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó lọ wo bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe ilé ìgbìmọ̀ tiwọn. Wọ́n fi í sọ́wọ́ òyìnbó gíga kan tó ń jẹ́ Wínsítánlì, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí òun náà tún jẹ́ mínísítà. Òyìnbó yìí kò burú. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí àwọn tó dìbò fún un ń wá bá a rojọ́ òrùlé tó ń jò àti gọ́tà tó dí, òyìnbó náà a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a sì lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Jáfẹ́ẹ̀tì kò rí ìyẹn ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń rojọ́ gọ́tà, ó ti lọ ra fìlà.

Ohun tó rí ni pé nínú ilé ìgbìmọ̀ náà, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kejì ní orúkọ. "Ọmọ ilé ọlọ́lá láti ibi báyìí" ni wọ́n ń pe ara wọn. Ó bi Wínsítánlì bóyá bẹ́ẹ̀ ni nítòótọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni òyìnbó náà wí. "Alága ilé nìkan ló lè dárúkọ wa. Bí ó bá sì dárúkọ ẹnì kan nítorí ìwàkiwà, ó di dandan kí wọ́n lé olúwarẹ̀ síta."

Àánú ara Jáfẹ́ẹ̀tì ṣe é. Ó rántí pé ní Ìbàdàn, aláró ń dárúkọ òun, atúnkẹ̀kẹ́ṣe ń dárúkọ òun, ewúrẹ́ nìkan ni kò tíì ṣe é, bóyá nítorí pé kò gbọ́ Yorùbá. "Áà," ó wí nínú ara rẹ̀, "àṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lé mi síta!"

Ọjọ́ tó dé, wọ́n gbé àga kalẹ̀ fún un ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Màpó. Oòrùn ń ta bí iná. Jáfẹ́ẹ̀tì wọ kóòtù dúdú onírù tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, ó dé akẹtẹ̀ dúdú roboto. Akẹtẹ̀ náà tóbi jù, etí rẹ̀ méjèèjì ni kò jẹ́ kó bọ́ wá dé àgbọ̀n.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ó ní. "Mo ti rí ohun tí ojú kò rí rí, mo ti mu tíì tí ẹnu kò mu rí! Ní Lọ́ńdọ̀nù, mo jókòó síbi tí àwọn tó jókòó síbẹ̀ ṣáájú mi jókòó sí! Mo wo odò wọn, odò wọn wò mí! Láti òní lọ, ìyà kò ní jẹ yín mọ́ ní ti ọ̀wọ̀!"

"Ọ̀wọ̀!" ni Gàfárù ké. "Ẹ pàtẹ́wọ́!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Obìnrin àgbà kan wà níwájú tó ń jẹ́ Morádéyọ̀. Aláró ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, òun sì ni ó ń dá orin fún gbogbo obìnrin Bẹ́yẹrúnkà. Ó na ọrùn sókè.

"Jáfẹ́ẹ̀tì, o káàbọ̀ o. Ẹ̀rọ omi wa ńkọ́?"

Mínísítà di ojú. Gàfárù lọgun bí ẹni tí àkeekèé ta.

Ní ọjọ́ kẹta, ìwé funfun kan ti wà lára ògiri ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ àti ní Bẹ́yẹrúnkà. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ Mínísítà, ìbáà jẹ́ ní ìjókòó, ní ìdúró tàbí lórin, títí kan ọjọ́ Òkèbàdàn. Èkejì, bí a ó ti máa pè é ni Ọlọ́lá Jùlọ, Ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀, Mínísítà Gidi, Aṣojú Gbogbo Bẹ́yẹrúnkà àti Agbègbè Rẹ̀, Ẹni Tó Dé Lọ́ńdọ̀nù Tó Sì Bọ̀. Ẹ̀kẹta, ìwé yòówù láti ọ́fíìsì rẹ̀ tí oyè wọ̀nyí kò bá pé nínú rẹ̀, ayédèrú ni. Ẹ̀kẹrin, arúfin yóò gé koríko ẹ̀bá Òkè Màpó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ má bi wá bóyá mínísítà lè dá irú òfin yìí ṣe. Láyé ìgbà náà, bí òǹtẹ̀ pupa bá ti wà nídìí ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìdérí agolo sàdíìnì ni Gàfárù fi tẹ òǹtẹ̀ náà. Adájọ́ kóòtù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹẹrẹ tó fẹ́ràn òǹtẹ̀ pupa ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ó gba ìwé náà tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ fara gbá a ni Morádéyọ̀. Ó pàdé mọ́tò dúdú náà ní ìyànà Bẹ́yẹrúnkà, ó ní, "Jáfẹ́ẹ̀tì, mo tún ní ẹ̀rọ omi ńkọ́?" Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gé koríko.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ìlú ti ń pa òfin mọ́. Kódà wọ́n pa á mọ́ jù. Lọ́jọ́ kan, Ọlọ́lá Jùlọ lọ ṣí ṣáláńgá tuntun ní Ọjà'ba, nítorí mínísítà tí kò ní iṣẹ́, ṣíṣí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí a bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín lónìí, àwọn ọmọ yín ni yóò parí rẹ̀!" Bí ó ti ń sọ ọ́, òbúkọ kan ti ẹ̀yìn yọ, ó fi ẹnu kan ìrù kóòtù rẹ̀, ó rí i pé ó dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Káfíńtà àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ezekiel rí i. Ó sáré síwájú.

"Ọlọ́lá Jùlọ!" ó ní.

"Má dá mi dúró," ni mínísítà wí.

"Ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀!" Òbúkọ ti jẹ dé bọ́tìnì. "Mínísítà Gidi! Aṣojú Gbogbo Bẹ́yẹrúnkà àti Agbègbè Rẹ̀!" Òbúkọ ti jẹ ìrù kan tán, ó yí sí ìkejì. "Ẹni Tó Dé Lọ́ńdọ̀nù Tó Sì Bọ̀!"

"Ó dára. Kí lo fẹ́ sọ?"

Ezekiel wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. "Kò sí mọ́, sà," ó ní. "Ó ti yó."

Ilé kò yàtọ̀ sí ìta. Louisa, ìyàwó rẹ̀, jẹ́ obìnrin tó ń ránṣọ, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ní, "Bàbá Rachel, ẹ wá jẹun."

"Louisa, oyè mi dà?"

"Bí mo bá ní kí n pè é tán, ọbẹ̀ á ti dì."

"Òfin ni òfin."

Louisa jókòó, ó ká ọwọ́ gbera, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè náà bí ẹni tó ń ka ìwé Orin Dáfídì, ó ń sinmi ní gbogbo ibi tó yẹ kí ó sinmi. Ọbẹ̀ dì. Jáfẹ́ẹ̀tì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ó dùn.

Òkèbàdàn ọdún 1958 kọjá, ti 1959 kọjá, kò sẹ́ni tó bú u. Gàfárù ní ìbẹ̀rù ọba ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n. Jáfẹ́ẹ̀tì dúró sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ní Òkè Bọ́lá, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú àwọn ẹlòmíràn lókèèrè, ó sì ń kẹ́dùn fún wọn.

Ìgbà tó di ọdún 1960, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Òkèbàdàn, Alhaji Sàláúdéènì wá kí i. Alhaji yìí ni àgbà ẹgbẹ́ tó ń yan ẹni tí yóò dúró fún ìdìbò ní gbogbo ìsàlẹ̀ ìlú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba àwọn tó ń pariwo.

"Ìdìbò ti dé tán," ni Alhaji wí. "Ẹni méjì ló ń du ti Bẹ́yẹrúnkà. Ẹ̀yin ni àkọ́kọ́. Mojọlá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Bẹẹrẹ ni ìkejì."

"Mojọlá? Apárí yẹn? Tí gírísì kún èékánná rẹ̀?"

"Òun náà."

"Alhaji, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ẹni tí ìlú fẹ́ nínú àwa méjèèjì?"

"A ti pe ìpàdé, wọ́n sùn síbẹ̀. A pín ìwé, wọ́n fi di ẹ̀pà. Lọ́dún yìí, lọ́lá Ọlọ́hun, màá wá jókòó sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín lọ́jọ́ Òkèbàdàn, màá fetí sílẹ̀. Ẹni tí Ìbàdàn bá mọ̀ ló ń bú. Ẹni tí wọ́n bá bú jù ni màá kọ orúkọ rẹ̀."

Jáfẹ́ẹ̀tì fa àga sún mọ́ ọn. "Ẹni tí wọn ò bá wá bú rárá ńkọ́, Alhaji?"

"Olúwarẹ̀ ti kú nìyẹn," ni Alhaji wí. "Wọn ò kàn tíì ráyè sin ín ni."

Bí Alhaji ti jáde ni Jáfẹ́ẹ̀tì pe Gàfárù. Mọ́tò dúdú, tábìlì, ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ló ń rí bí ó ṣe ń rìn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kọ ìwé kíákíá! Kọ ọ́ pé: 'Èmi, Japheth, fún gbogbo ènìyàn láyè láti dárúkọ mi àti láti bú mi.' Lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri!"

Gàfárù lẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn pé jọ sí iwájú rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ezekiel káfíńtà kà á sókè, ó mi orí. "Oyè dà?" ó ní. "Ẹ̀kẹta òfin! Ayédèrú ni. Ọlọ́lá Jùlọ kò lè kọ irú èyí láé." Wọ́n já ìwé náà, wọ́n sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì mínísítà láti fẹjọ́ àwọn ọ̀bàyéjẹ́ sùn.

Jáfẹ́ẹ̀tì tún òmíràn kọ. Ó kó gbogbo oyè náà sí i, ó tẹ òǹtẹ̀ pupa sí i, ó wá kọ orúkọ tí wọ́n lè máa pè sí ìsàlẹ̀. Akódà kóòtù kékeré náà rí orúkọ náà lára ògiri, ó ní ìwé yìí ti dárúkọ mínísítà. Ó já a, ó fi kún ẹ̀rí.

"Bàbá Rachel," ni Louisa wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, "ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín, ẹ sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ mì. Ẹ lọ bẹ Ìyá Morádéyọ̀."

Ẹ̀yin náà ẹ bá wa wò ó. Mínísítà Gidi fi ẹsẹ̀ rìn dé Bẹ́yẹrúnkà, ó dúró láàrin àwọn ìkòkò aró, akẹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Morádéyọ̀ rí i, ó kúnlẹ̀, ó pe oyè náà láti òkè délẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

"Ìyá, ó tó. Ẹ dìde. Mo wá bẹ̀ yín ni."

"Ẹ bẹ̀ mí kẹ̀? Kí lẹ fẹ́?"

"Ẹ bú mi lọ́jọ́ Òkèbàdàn. Ẹ dákun. Ẹ bú mi lọ́tùn-ún, ẹ bú mi lósì. Etí mi rè é. Bí kò bá tó, ẹ mú imú mọ́ ọn."

"Imú yín kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan," ni Morádéyọ̀ wí, ó sì tún ń po aró rẹ̀. "Ẹ gbọ́, Ọlọ́lá Jùlọ. Nígbà tí mo gé koríko lọ́jọ́sí, ọwọ́ mi bó. Aró wọ inú egbò náà, ó ta mí bí ata. N kò sì bú yín lọ́jọ́ náà. Omi ni mo béèrè."

"Màá ṣe ẹ̀rọ omi náà."

"Nígbà wo?"

"Bí mo bá ti padà wọlé."

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Èébú kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dùn wá ló ń wá sí wa lẹ́nu. Ẹ̀yin, ẹ ti jáde lẹ́nu wa." Ó tún kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ oyè náà lákọ̀tun, kò sì dákẹ́ títí tí Jáfẹ́ẹ̀tì fi yà ní kọ́nà.

Ọjọ́ Òkèbàdàn pé. Ààrò tutù káàkiri ìlú, ọjà tì pa. Alhaji Sàláúdéènì jókòó sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òkè Bọ́lá, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Jáfẹ́ẹ̀tì jókòó tì í, ó na etí méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò. Orin ń bọ̀ láti ọ̀nà Bẹẹrẹ, ó ń ga sí i.

Mojọlá apárí dán bí àwo,
Eṣinṣin bà á, eṣinṣin yọ̀ ṣubú!

"Ó dùn," ni Alhaji wí.

Mojọlá fúnra rẹ̀ wà láàrin wọn, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó ń bú u, ó ń fi aṣọ nu orí rẹ̀ kó lè máa dán sí i. Jáfẹ́ẹ̀tì bojú wolẹ̀ láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ju ọwọ́ sí wọn. Ó tilẹ̀ di etí mú, ó jó díẹ̀. Bí wọ́n ti rí i, orin dá. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ lójú títì. Wọ́n sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá ilé náà bí ìgbà tí èèyàn ń kọjá níwájú òkú. Wọn kò dá orin náà padà títí wọ́n fi dé ìkángun àdúgbò.

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan, Alhaji?" ni Jáfẹ́ẹ̀tì wí.

"Ìdákẹ́jẹ́ẹ́," ni Alhaji wí, "ṣùgbọ́n ó pọ̀."

Jáfẹ́ẹ̀tì dìde. Ó sáré wọ ẹ̀yìn ilé, ó bọ́ kóòtù, ó bọ́ bàtà, ó já dàńṣíkí Gàfárù tó ṣá lórí okùn, ó wọ̀ ọ́. Gèlè Louisa ló fi wé orí mọ́ etí. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó sáré lé èrò, ó bá wọn ní Bẹẹrẹ. Ibẹ̀ ló ti lanu, ó fi ohùn tíṣà tó fi ń pe ọmọ ilé ìwé dá orin tirẹ̀:

Jáfẹ́ẹ̀tì elétí ehoro,
Ó gbọ́ ti Lọ́ńdọ̀nù, kò gbọ́ tilé!
Ẹ̀rọ omi dà? Ó ń bẹ létí rẹ̀!

Ojú ọ̀nà dákẹ́ bí ẹni pé ejò bọ́ láti orí igi. Àwọn èèyàn sá sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Orin náà dára, ẹnu ń yún wọn, ṣùgbọ́n koríko Màpó pọ̀. Jáfẹ́ẹ̀tì bẹ̀ wọ́n, "Ẹ gbè é! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbè é!" Akódà nìkan ló wá, ó sì gbé e.

"Ta lẹ dárúkọ yẹn, bàbá?"

"Èmi ni!"

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Àárọ̀ Jímọ̀, kóòtù kún dé ojú fèrèsé. Alhaji Sàláúdéènì wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn. Adájọ́ gbé òfin olóǹtẹ̀ pupa síwájú rẹ̀, ó wo ọkùnrin onídàńṣíkí náà.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Japheth Olúyẹmí."

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tún ṣe é níwájú ilé ẹjọ́. Ọjọ́ mẹ́fà."

"Olúwa mi, orúkọ mi ni! Èmi ni Jáfẹ́—"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí o bá ní ìwọ ni mínísítà, ta ló mọ̀ ọ́?"

Jáfẹ́ẹ̀tì nàka sí Gàfárù. Gàfárù wo òǹtẹ̀ pupa, ó wo akódà, òógùn bò ó. "Olúwa mi," ó ní, "Ọlọ́lá Jùlọ kì í wọ dàńṣíkí. N kò mọ bàbá yìí rí. Dàńṣíkí yẹn nìkan ni mo mọ̀, tèmi ni, mo sì fẹ́ gbà á."

Wọ́n pe Louisa. "Ọkọ mi ni," ó ní.

"Kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Olúwa mi, ilé ire ni mo ti wá. Ìyàwó wo ló ń dárúkọ ọkọ? Bàbá Rachel ni mo mọ̀."

"Bàbá Rachel kò sí nínú òfin," ni adájọ́ wí. Ó wo gbogbo èrò yíká. "Ṣé kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tí ọkùnrin yìí ń jẹ́?"

Jáfẹ́ẹ̀tì wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú tí ó mọ̀ láti kékeré, gbogbo wọn sì ń wo ilẹ̀. Ó wá yé e, ó sì yé e dé egungun, pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn wà láàyè láàrin àwọn èèyàn rẹ̀ kó má sì sí níbẹ̀. Ó di igi ọgbà tí àwọn ẹlẹ́jọ́ ń dúró sí mú.

Ni Morádéyọ̀ bá dìde. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, aró hàn dé ìgbọ̀nwọ́.

"Jáfẹ́ẹ̀tì ni," ó ní. "Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, èmi ni mo gbé e jáde sí gbangba, etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Olúwa mi, ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta tèmi sílẹ̀. Ó ti sú mi. Ẹni tí a kò bá lè pè, a kò lè bi í ní ẹ̀rọ omi. Jáfẹ́ẹ̀tì! Ẹ̀rọ omi wa ńkọ́?"

"Jáfẹ́ẹ̀tì!" ni Ezekiel káfíńtà ké láti ojú fèrèsé, bí ẹni tó ti di èémí mú láti ọdún mẹ́ta. "Òbúkọ ló jẹ kóòtù ẹ!"

"Jáfẹ́ẹ̀tì elétí ehoro!" ni ìyá kan tún wí. Kí akódà tó yí orí, gbogbo kóòtù ti gbà á, Bẹẹrẹ níta gbà á, wọ́n ń kọ orin tó dá lánàá, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Adájọ́ ń ké, "Ọjọ́ mẹ́ta! Ọjọ́ mẹ́ta! Ìwọ náà, ọjọ́ mẹ́ta!" títí ohùn rẹ̀ fi há.

Omi ń dà lójú Jáfẹ́ẹ̀tì. Ó yíjú sẹ́yìn. "Alhaji! Alhaji, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú mi!"

"Mo gbọ́," ni Alhaji Sàláúdéènì wí, ó ti ń wọ bàtà rẹ̀. "Ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n àná ni Òkèbàdàn. Mo ti kọ orúkọ Mojọlá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo Bẹ́yẹrúnkà wà lẹ́bàá Òkè Màpó tàdátàdá. Koríko kò tó wọn. Ìdá kan ń gé, ìdá méjì ń kọrin, àwọn tó kù ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yá àwọn ní koríko díẹ̀. Mọ́tò dúdú kan kọjá, Alhaji wà nínú rẹ̀, Mojọlá jókòó tì í nínú kóòtù àyálò. Mojọlá yọ orí lójú fèrèsé, orin náà ti ń jọ ọ́ lójú díẹ̀.

"Ta ni wọ́n ń bú tó báyìí?" ó bi awakọ̀.

"Tíṣà kan ni, sà," ni awakọ̀ wí.

Jáfẹ́ẹ̀tì gbọ́ ọ, etí yẹn kì í pàdánù nǹkan. Ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún bí ti Alhaji ṣe dùn ún lọ́jọ́ tó wá sílé. Kò dùn ún. Ó ju gèlè tó wé mọ́ orí dànù, ó sì gbé àdá sókè bí pàṣán ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin.

"Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná!" ó ké sí wọn. "Ẹsẹ̀ kejì ti ń lọ sílẹ̀ jù. Ìyá Morádéyọ̀, ẹ tún un gbé láti 'Jáfẹ́ẹ̀tì'."